Ìyá Ìbejì, ẹ má tíì kó gbogbo ìgò ọmọ dànù

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Ìbejì ni mo bí, wọ́n ti pé oṣù mẹ́rin, mo sì máa padà sẹ́nu iṣẹ́ lóṣù tó ń bọ̀. Ọmú mi ò tó àwọn méjèèjì, mo wá ń fi mílíìkì inú agolo kún un. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tó wà ní London fi ìgò ọmọ mẹ́fà ránṣẹ́ sí mi, àwọn tó rà fún ọmọ tirẹ̀ ní 2009. Wọ́n mọ́ gaara bíi gíláàsì. Mo tún ra mẹ́rin ní Dùgbẹ̀ tí wọ́n kọ “BPA Free” sí lára. Ìyá ọkọ mi ní ike ń fa jẹjẹrẹ. Àràárọ̀ ni mo ń se àwọn ìgò náà, omi inú fúláàsì ni mo sì fi ń po mílíìkì sínú wọn. Ṣé kí n kó gbogbo rẹ̀ dànù, kí n lọ ra ti gíláàsì? Ìyá Ìbejì, Ìbàdàn.

Ìdáhùn: Ẹ kú ìtọ́jú ọmọ, Ìyá Ìbejì. Ọlọ́run á bá yín wò wọ́n.

Kí n má fi àlàyé gígùn dá yín dúró, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ fèsì ní ṣókí. Mẹ́fà tó ti London wá, ẹ kó wọn kúrò nínú ohun tí ọmọ ń lò lónìí. Mẹ́rin tí ẹ rà ní Dùgbẹ̀, tí nọ́ńbà tó wà ní ìdí wọn bá jẹ́rìí sí wọn, ẹ lè máa lò wọ́n lọ, àmọ́ ẹ má po mílíìkì gbígbóná sínú wọn mọ́. Ti gíláàsì dára, kì í ṣe dandan. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ yí padà gan-an ni ibi tí omi gbígbóná ti ń pàdé ike.

Ọdún 2009 tí ẹ dárúkọ yẹn ló jẹ́ kí n ta gìrì. Láyé ìgbà náà, ike kan tó ń jẹ́ polycarbonate ni wọ́n fi ń ṣe púpọ̀ nínú ìgò ọmọ tó bá mọ́ gaara. Kẹ́míkà tí wọ́n ń pè ní bisphenol A, èyí tí gbogbo ayé gé kúrú sí BPA, ni wọ́n so kọ́ra wọn gbọọrọ láti fi di ike yẹn. Omi tútù kì í fi bẹ́ẹ̀ tú u. Omi gbígbóná ló ń tú u, ọṣẹ líle náà ń ràn án lọ́wọ́, ohun tó bá sì tú á bọ́ sínú mílíìkì. Ní 2008, àwọn olùwádìí ní Yunifásítì Cincinnati ní Amẹ́ríkà da omi híhó sínú ìgò omi tí wọ́n fi polycarbonate ṣe. BPA bẹ̀rẹ̀ sí í yára jáde ní ìlọ́po 15 títí dé 55 ju bó ṣe ń jáde nígbà tí omi inú rẹ̀ kò gbóná.

Kí ló wá burú nínú BPA? Ó ń ṣe nínú ara bí ẹni pé họ́mọ̀nù obìnrin ni òun. Wọn kò ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀ bẹ́ẹ̀ o. Ní 1936 ni Charles Dodds, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì kan, ti kọ̀wé nípa rẹ̀ ní London, nígbà tó ń wá ohun tó lè ṣe iṣẹ́ họ́mọ̀nù yẹn. Kò tó ogún ọdún lẹ́yìn náà tí àwọn oníléeṣẹ́ ní Jámánì àti Amẹ́ríkà fi rí i pé wọ́n lè fi ṣe ike tó mọ́, tó sì le. Ohun tí wọ́n dán wò bíi họ́mọ̀nù ló wá di ohun tí wọ́n fi ń ṣe ìgò tí ọmọ ń fà mu, ọ̀pọ̀ ọdún sì kọjá kí ẹnikẹ́ni tó gbé òfin dìde sí i.

Tí BPA bá wọ ara àgbàlagbà, ẹ̀dọ̀ á ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀, á sì bá ìtọ̀ jáde láàárín wákàtí díẹ̀. Ẹ̀dọ̀ ọmọ tuntun kò tíì gbó tó láti ṣe bẹ́ẹ̀ dáadáa. Ọmọ sì kéré, mílíìkì kan náà ló ń mu láti àárọ̀ ṣúlẹ̀, kò ní oúnjẹ míì tó lè fi pààrọ̀ rẹ̀. Tí a bá fi ìwọ̀n ara ṣírò rẹ̀, ohun tó ń wọ ara Táyé àti Kẹ́hìndé látinú ìgò kan ju ohun tó máa wọ ara tiyín lọ fíìfíì.

Kánádà ló kọ́kọ́ kéde, ní 2008, pé òun máa fòfin de ìgò ọmọ tí wọ́n fi polycarbonate ṣe. Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù fòfin dè é ní 2011, Brazil dá títà rẹ̀ dúró ní ìbẹ̀rẹ̀ 2012, Amẹ́ríkà náà yọ ọ́ kúrò lára ohun tí òfin fàyè gbà fún ìgò ọmọ ní July 2012. Abẹ́ òfin Yúróòpù ni London wà nígbà náà. Ìgò tí wọ́n rà níbẹ̀ lẹ́yìn June 2011 kò yẹ kó jẹ́ polycarbonate. Èyí tí wọ́n rà ní 2009 lè jẹ́ ẹ. Ẹ̀gbọ́n yín ò ṣe yín níbi, oore ló ṣe. Òfin ni kò tíì dé nígbà tó ra tirẹ̀. Ohun míì tún wà níbẹ̀: ó ti lé ní ọdún mẹ́wàá tí wọ́n ti ń fọ ìgò wọ̀nyẹn, bí polycarbonate bá sì ṣe ń gbó ló ṣe ń tú sí i.

Ẹ mú ìgò kan lọ́wọ́, kí ẹ yí i dojú dé. Àmì onígun mẹ́ta máa ń wà ní ìdí rẹ̀, nọ́ńbà á wà láàárín àmì náà. Tí ẹ bá rí 7 pẹ̀lú lẹ́tà PC, polycarbonate nìyẹn. Tí ẹ bá rí 5 tàbí PP, polypropylene ni. Ike yìí kì í mọ́ gaara, ó máa ń ṣe bàìbàì, á sì tẹ̀ wọlé díẹ̀ tí ẹ bá fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́. Nọ́ńbà 7 láìsí lẹ́tà kankan kò sọ ohun púpọ̀, torí gbogbo ike tí kò rí àyè nínú 1 sí 6 ni wọ́n ń kó sínú 7. Tí nọ́ńbà bá ti pa rẹ́, tí ìgò sì mọ́ bíi gíláàsì, tó le, tó ń dún kó-kó tí ẹ bá fi èékánná kàn án, tí ẹ sì mọ̀ pé ó ti wà nílẹ̀ ṣáájú 2011, ẹ kà á sí PC, kí ẹ má bá a jiyàn.

Kí ẹ tó gbé e sílẹ̀, ẹ nà án sókè síbi tí oòrùn ti ń wọlé, kí ẹ wo inú rẹ̀. Tí ẹ bá rí ìlà wẹ́wẹ́ tí kànrìnkàn ti ha sí i, tàbí tí ara rẹ̀ ti ń funfun, tó ti ń sán, ẹ jẹ́ kó sinmi, ohun yòówù kí wọ́n fi ṣe é. Ojú ibi tó ha yẹn ni ike ti ń já sínú mílíìkì, ibẹ̀ náà sì ni kòkòrò àrùn ń sá pamọ́ sí tí ọṣẹ ò fi ní bá a. Fọ́ọ̀mù rírọ̀ ni kí ẹ máa fi fọ ìgò ọmọ. Kànrìnkàn wà fún ìkòkò.

Ti jẹjẹrẹ tí ìyá ọkọ yín sọ, ẹ bá mi kí wọn. Ìfura wọn nídìí, àmọ́ ó ti kọjá ohun tí ìmọ̀ fìdí ẹ̀ múlẹ̀. Kò sẹ́ni tó tíì fi hàn pé jẹjẹrẹ mú ọmọ kan nítorí pé ìgò ike ló fi mu mílíìkì. Ohun tó ń kọ àwọn onímọ̀ lóminú ni họ́mọ̀nù, bí ẹ̀yà ìbímọ àti ọpọlọ ọmọ ṣe ń dàgbà, àti agbára tí ara fi ń gbógun ti àìsàn. Nítorí èyí tó kẹ́yìn yìí, àjọ EFSA tó ń mójú tó ààbò oúnjẹ ní Yúróòpù dín ìwọ̀n BPA tí ènìyàn lè jẹ lójúmọ́ kù ní ìlọ́po 20,000 lọ́dún 2023. BfR, àjọ irú rẹ̀ ní Jámánì, ní rárá, ó pọ̀ jù; àwọn fi ìlọ́po 20 dín tiwọn. Ẹ rí i pé ìjà wọn kò dá lórí bóyá kí wọ́n dín in kù. Bó ṣe yẹ kó kéré tó ni wọ́n ń jà lé. Èrò tèmi ni pé níbi tí dídín in kù kò bá ti ná ìyá ní ju kọ́ọ̀bù kan lọ, kó dín in kù, kó má dúró de ìgbà tí wọ́n máa parí ìjà.

Ẹ wá jẹ́ ká sọ̀rọ̀ “BPA Free”. Ohun tí kò sí nínú ìgò ló sọ fún yín, kò sọ ohun tó wà níbẹ̀. Nígbà tí ariwo BPA pọ̀, àwọn iléeṣẹ́ kan yíjú sí àwọn ìbátan rẹ̀, BPS àti BPF, tí ìwádìí sì ti fi hàn pé àwọn náà mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe bíi họ́mọ̀nù. Ìgò kan wà tí àwọ̀ rẹ̀ dà bí oyin, tí wọ́n kọ PES sí. BPS wà lára ohun tí wọ́n fi ń ṣe é, òótọ́ sì ni wọ́n kọ pé kò ní BPA. Ní ti PP, kò sígbà tí wọ́n ń fi BPA ṣe é rí. Tí ẹ bá rí “BPA Free” gàdàgbà lára ìgò PP, ọjà ni wọ́n ń tà. Ẹni tó ń tẹ̀wé sára ike náà sì lè tẹ ohunkóhun tó bá wù ú, nítorí náà nọ́ńbà ìdí ìgò ni kí ẹ gbẹ́kẹ̀ lé ju ọ̀rọ̀ ara rẹ̀ lọ. Ìgò PP tuntun tí kò ha, tí orúkọ iléeṣẹ́ tó ṣe é hàn lára rẹ̀, kò burú.

PP náà ní tirẹ̀ o. Ní October 2020, àwọn olùwádìí ní Trinity College, Dublin, tẹ ohun tí wọ́n rí nínú ìgò ọmọ PP jáde. Wọ́n se ìgò, wọ́n da omi 70°C sí i bí a ṣe ń po mílíìkì, wọ́n mì ín, wọ́n wá ka èérún ike tó wà nínú omi náà, èérún tó kéré débi pé ojú ò lè rí i. Nínú lítà kan, iye rẹ̀ tó mílíọ̀nù 16 nínú àwọn ìgò kan. Nígbà tí omi jẹ́ 25°C, nǹkan bí 600,000 ni wọ́n kà. Nígbà tó di 95°C, ó gòkè dé mílíọ̀nù 55. Ohun tí èérún yìí ń ṣe nínú ara ọmọ ni wọ́n ṣì ń wádìí, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi iye yẹn dẹ́rù bà yín lásán. Àmọ́ ẹ wo bí ó ṣe ń gòkè pẹ̀lú ooru. Ìgò kan náà ni, ike kan náà.

Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ìyá ti ń ṣìnà. Wọ́n á gbọ́ pé omi gbígbóná ń tú ike, wọ́n á wá bẹ̀rẹ̀ sí í fi omi lọ́wọ́ọ́wọ́, tàbí omi inú ọ̀rá láìsè, po mílíìkì. Ẹ má ṣe é o! Ìyẹ̀fun mílíìkì kì í ṣe ohun tí kòkòrò àrùn kò sí nínú rẹ̀, kódà nígbà tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ṣí agolo. Ọ̀kan wà tó ń jẹ́ Cronobacter, tó lè mú ọpọlọ ọmọ wú tàbí kó ba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ jẹ́, ọmọ tí kò tíì pé oṣù méjì ló sì ń yọ lẹ́nu jù. Nítorí rẹ̀ ni Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣe sọ, ní 2007, pé kí omi tí a fi ń po mílíìkì má tutù ju 70°C lọ. Ìgbẹ́ gbuuru máa ń pa ọmọ láàárín ọjọ́ díẹ̀. BPA kò ṣe bẹ́ẹ̀ rí. Ẹni tó bá fi ìbẹ̀rù kẹ́míkà pa omi gbígbóná tì ti sá fún èyí tó kéré, ó sì ti kọlu èyí tó tóbi.

Fúláàsì yín gan-an ń fún mi ní ìdí láti ṣàníyàn. Omi tí ẹ dà sí i ní aago mẹ́fà àárọ̀, tó bá fi máa di ọ̀sán, tí ẹ ti ṣí i lọ́pọ̀ ìgbà, ó ṣeé ṣe kó ti rẹlẹ̀ sí 70°C. Ó ṣì gbóná tó láti tú ike, kò wá gbóná tó láti pa kòkòrò mọ́. Ẹ̀gbẹ́ méjèèjì lẹ ti pàdánù.

Ohun tí mo ń sọ fún àwọn ìyá ni pé kí wọ́n ya ibi tí wọ́n ti ń po mílíìkì kúrò lára ibi tí ọmọ ti ń mu ún. Ẹ ra kọ́ọ̀bù ńlá kan tàbí jọ́ọ̀gì kékeré tó jẹ́ irin tí kì í dípẹtà, èyí tí wọ́n ń pè ní stainless lọ́jà. Ẹ se omi nínú ìkòkò tàbí kẹ́tù irin, kì í ṣe kẹ́tù oníke. Tó bá ti hó, ẹ jẹ́ kó sinmi díẹ̀, kó má ju ìṣẹ́jú 30 lọ, kí ẹ wọn ọ́n sínú kọ́ọ̀bù irin náà, kí ẹ da ìyẹ̀fun sí i bí agolo ṣe wí, kí ẹ fi ṣíbí irin tí ẹ ti sè rò ó. Ẹ gbé kọ́ọ̀bù náà sínú abọ́ omi tútù. Irin kì í pẹ́ tutù, ẹ máa rí i fúnra yín. Nígbà tí ẹ bá kán an sí ọrùn ọwọ́ tí kò ta yín lára, ẹ wá rọra dà á sínú ìgò. Ẹ má mì ín jìgìjìgì, mímì náà ń gba èérún lára ike. Gbogbo ríròpọ̀ ti parí nínú irin. Èyí tí ọmọ bá mu kù lẹ́yìn wákàtí méjì, ẹ dà á nù.

Kí ẹ máa se ìgò kò burú, ẹ má dẹ́kun rẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ fi ọṣẹ fọ̀ ọ́, kí omi bò ó mọ́lẹ̀ nínú ìkòkò, kó hó fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Sísè yẹn ń mú kí èérún jáde, ó sì máa ń lẹ̀ mọ́ inú ìgò. Nítorí náà tó bá ti tutù, ẹ fi omi tí ẹ ti sè nínú irin, tó sì ti tutù, ṣan inú ìgò lẹ́ẹ̀mẹta kí ẹ tó da mílíìkì sí i. Àwọn ará Dublin yẹn gan-an ló dámọ̀ràn bẹ́ẹ̀.

Gíláàsì kì í tú BPA, kì í tú èérún. Ó wúwo, ó ń fọ́, tí ẹ bá sì da omi híhó sínú èyí tó tutù, ó lè là sí yín lọ́wọ́. Tí agbára bá gbé e, ẹ ra méjì fún ilé, kí PP máa lọ krẹ́ẹ̀ṣì, ibi tí wọ́n á ti máa tọ́jú wọn tí ẹ bá padà sẹ́nu iṣẹ́. Èyí tí mo fẹ́ràn jù kò tilẹ̀ ní ìgò nínú. Ọmọ oṣù mẹ́rin lè fi kọ́ọ̀bù irin kékeré mu mílíìkì, kódà ọmọ tuntun lè ṣe é. Ẹ gbé e jókòó lórí itan, ẹ fi etí kọ́ọ̀bù kan ètè rẹ̀ ìsàlẹ̀, kí ẹ tẹ kọ́ọ̀bù débi tí mílíìkì á fi kan ètè, kó fúnra rẹ̀ máa lá a. Kò ní ihò, kò ní orí rọ́bà, ọṣẹ àti omi gbígbóná ti tó o. Kí ẹ má ṣì mí gbọ́ o: rírọ ọmọ, bí àwọn ìyá wa ṣe ń fi àtẹ́lẹwọ́ dí ọmọ lẹ́nu, yàtọ̀ sí èyí. Rírọ lè gbé oúnjẹ wọ ẹ̀dọ̀fóró ọmọ, kí á má padà síbẹ̀.

Ẹ má sì fi mílíìkì agolo rọ́pò ọmú tó ṣẹ́ kù. Bí ìbejì bá ń fa ọmú léraléra lóru àti kí ẹ tó jáde nílé, ó máa ń wá sí i. Omi ọmú tí ẹ bá fún sínú ike níbi iṣẹ́ kò lo omi gbígbóná kankan, ohun tó ń bọ́ lára ike sínú rẹ̀ kéré púpọ̀. Inú abọ́ omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ ni kí ẹ ti mú un móoru.

Oṣù méjì sí i, ẹ máa bẹ̀rẹ̀ ògì. Tiwa gan-an nìyí, mi ò sì mọ̀ ìdí tí àwọn ènìyàn kì í fi í dárúkọ rẹ̀. Ògì tó ń hó kùtùkùtù ni wọ́n ń dà sínú ìgò ike, wọ́n á wá fi abẹ́ fẹ ihò orí rọ́bà kó lè gba ibẹ̀ kọjá. Ẹ̀kọ gbígbóná ni wọ́n ń wé sínú ọ̀rá, mọ́ínmọ́ín inú ọ̀rá ń hó fún wákàtí kan gbáko pẹ̀lú epo nínú rẹ̀, epo sì máa ń fa kẹ́míkà jáde lára ike ju omi lọ. Ìyá á sá fún ìgò London, á wá fi ṣíbí bu mọ́ínmọ́ín ọ̀rá fún ọmọ náà. Ewé eéran ṣì wà lọ́jà. Ẹ jẹ́ kí ògì tutù nínú abọ́ tánganran, kí ẹ fi ṣíbí fún wọn. Ike ọ̀dà tí ọ̀pọ̀ ilé fi ń rẹ àgbàdo tàbí tọ́jú ògì, ẹ lé e kúrò ní ilé ìdáná. Wọn kò ṣe é fún oúnjẹ. Rọ́bà rírọ̀ olóòórùn líle tí wọ́n ń tà fún ọmọ tó ń hu eyín náà, ẹ fi sílẹ̀ fún ẹni tó ń tà á. Irú ike kan tí wọ́n ń pè ní PVC ló sábà máa ń jẹ́, ohun tí wọ́n fi mú un rọ̀ sì ni phthalate, tí Yúróòpù ti lé kúrò nínú ohun ìṣeré ọmọdé láti ọ̀pọ̀ ọdún sẹ́yìn.

Ó wá ku krẹ́ẹ̀ṣì. Mo ti dúró rí ní ọ̀kan: ìgò mẹ́jọ tò sórí tábìlì, ìyẹ̀fun ti wà nínú gbogbo wọn, obìnrin tó ń tọ́jú àwọn ọmọ wá gbé kẹ́tù tó ṣẹ̀ṣẹ̀ hó, ó ń dà á sí wọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó ń dé wọn, ó ń mì wọ́n. Kì í ṣe ìkà, ọmọ mẹ́jọ ló ń ké. Tí ẹ ò bá sọ̀rọ̀, bí wọ́n á ṣe ṣe tiyín nìyẹn. Ẹ gbé kọ́ọ̀bù irin tiyín lọ, kí ẹ kọ orúkọ sí i, kí ẹ wọn ìyẹ̀fun ti ọjọ́ náà sínú agolo kékeré tó gbẹ, kí ẹ po ọ̀kan lójú wọn. Tí wọ́n bá ní maikirowéfù, ẹ sọ ọ́ ní tààrà pé wọn ò gbọ́dọ̀ gbé ìgò Táyé tàbí Kẹ́hìndé sínú rẹ̀. Yàtọ̀ sí ti ike, ó máa ń mú ibì kan nínú mílíìkì gbóná ju ibòmíì lọ, ara ìgò á lọ́wọ́ọ́wọ́ lọ́wọ́ wọn, ọmọ á sì fi ẹnu bó.